Ọ̀nà Ilé Olóúnjẹ ní Ràngúùn

Òórùn ẹja wà lọ́wọ́ Yẹ̀kínì lọ́sàn-án ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò se ẹja nílé rẹ̀. Hàlímọ̀, ìyàwó rẹ̀, ló gbọ́ òórùn náà. Ó gbé omi wá fún un bó ṣe máa ń ṣe tí ọkọ rẹ̀ bá jí lójú oorun ọ̀sán lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Bí Yẹ̀kínì ṣe nawọ́ gba igbá omi báyìí ni òórùn náà gba abẹ́ imú obìnrin náà kọjá: ẹja àrọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́, àti ewé tíì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Ó wo ìka ọkọ rẹ̀. Orí àwọn ìka náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹni tó fi wọ́n po àtalẹ̀ pupa.

"Ẹja wo lẹ jẹ, Bàbá Mùínàt?"

Yẹ̀kínì wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ náà sí imú, ó dijú, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Wọn ò tíì kúrò níbẹ̀," ó wí. "Ibi tí mo fi wọ́n sí náà ni wọ́n ṣì wà."

Hàlímọ̀ mọ ibi tó ń wí. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Èrúwà? Yẹ̀kínì wà lára àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n kó lọ sí Bọ́mà nígbà ogun àwọn òyìnbó. Àwọn yòókù tó lọ, ìtàn ìbọn àti ti ẹfọn ni wọ́n mú bọ̀. Yẹ̀kínì ò jẹ́ sọ ti ìbọn. Nígbà tí ogun parí, wọ́n kó wọn lọ sí ìlú ńlá kan tí ń jẹ́ Ràngúùn kí wọ́n dúró de ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé wọn wálé. Ọkọ̀ pẹ́. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Dàda ará Ìgbò-Ọrà, bá ń rìn kiri ìlú náà, wọ́n ń wá oúnjẹ tó jọ oúnjẹ, torí ti inú agolo tí ìjọba ń fún wọn ti sú wọn. Ibi tí wọ́n ti rí i ni gbogbo ìtàn Yẹ̀kínì dá lé. Ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà, Yẹ̀kínì á júwe ilé olóúnjẹ ní Ràngúùn fún un. Ẹni tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, á júwe rẹ̀ fún un. Ẹni tó ń lọ ra aṣọ ní Abẹ́òkúta lásán, bí kò bá tètè sá wọ mọ́tò, òun náà á gbọ́ ọ.

"Tó o bá dé Ràngúùn," á wí, "má tẹ̀ lé àwọn òyìnbó lọ síbi tí wọ́n ti ń fi aṣọ funfun bo tábìlì. Wọn ò mọ oúnjẹ. Láti èbúté, kọjú sí ilé ìsìn wọn tí òrùlé rẹ̀ ń dán bíi wúrà. Tó o bá ti rí i, jẹ́ kó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ. Wàá kan ibi tí wọ́n ti ń ta agbòòrùn pupa. Ọ̀nà tóóró kan wà lẹ́yìn wọn. Wọ ibẹ̀. Má bi ẹnikẹ́ni, imú rẹ ni yóò mú ọ débẹ̀. Àárọ̀ ni kó o lọ o. Tí oòrùn bá ti mú, ó ti tán nìyẹn."

Àwọn ọmọ àdúgbò ti há a sórí. Bí ìyá kan bá se ọbẹ̀ tí iyọ̀ já, ọmọ á dìde, á ní òun ń lọ sí Ràngúùn.

Obìnrin tó ń ta oúnjẹ náà máa ń jókòó sórí àpótí kékeré, ìkòkò rẹ̀ á wà níwájú, yóò sì fi nǹkan funfun bí ẹfun pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Dàda sọ ọ́ ní Ìyá Ẹlẹ́fun. Kò gbọ́ èdè wọn, wọn ò gbọ́ tirẹ̀. Ìgbakọ ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń nà sí àpótí tó bá ṣófo, àwọn oníbàárà á sì jókòó. Nǹkan tín-ín-rín bí òwú tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe ni yóò kọ́kọ́ bù sínú àwo, á wá da ọbẹ̀ ẹja àrọ̀ lé e, èyí tó fi àtalẹ̀ pupa, ewé tíì àti inú igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sè, á sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ṣíbí wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni àwọn ọmọ Ìbàràpá méjèèjì fi ń yọ ẹja.

Dàda kò padà wálé. Ibà mú un kí ọkọ̀ tó dé. Yẹ̀kínì ò jẹ́ fi èyí kún un fún àwọn arìnrìn-àjò. Hàlímọ̀ nìkan ló mọ̀ pé láàárọ̀ ọjọ́ tí ibà dá Dàda dùbúlẹ̀, oúnjẹ yẹn ló bẹ Yẹ̀kínì pé kó lọ bá òun rà, àti pé nígbà tí Yẹ̀kínì fi gbé e dé, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ ti lọ. Yẹ̀kínì gbé àwo náà lọ́wọ́ títí ó fi tutù.

Láti ìgbà tí Hàlímọ̀ ti wọlé Yẹ̀kínì ni òun náà ti ń gbìyànjú láti se é. Ó ra àrọ̀ tútù lọ́wọ́ àwọn apẹja odò Òfìkì. Ó gbin ewé tíì sẹ́yìn balùwẹ̀. Ó gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fa inú rẹ̀ yọ, àwọn obìnrin àdúgbò sì ń bi í bóyá ewúrẹ́ ló fẹ́ fún. Nígbà tí tàlíà tó rí tín-ín-rín bí òwú dé ọjà, ó ra tàlíà. Bó bá ti gbé e kalẹ̀, Yẹ̀kínì á tọ́ ọ wò, á fi sùúrù mì orí, á ní, "Ó jọ ọ́." Ọkùnrin náà kò ní in lọ́kàn láti bú u. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń se nǹkan tí kò jẹ rí fún ẹni tí kò lè gbàgbé rẹ̀, "ó jọ ọ́" kì í ṣe ìyìn létí rẹ̀. Àwọn ìgbà kan wà tó máa ń jókòó ti ìkòkò náà nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá ti jẹun tán, á fi ìka lá ọbẹ̀, á sì máa ro ohun tó kù.

Ọdún tí àwọn sójà tún gba ìjọba, tí gbogbo wa ń tò nítorí ṣúgà àti mílíìkì, ni ohun tí mò ń sọ yìí bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, bí Yẹ̀kínì bá ti sùn lọ́sàn-án, jíjí ni yóò jí pẹ̀lú òórùn ẹja lọ́wọ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á ní òun ti yó. Hàlímọ̀ gúnyán, ọkọ rẹ̀ ti í sẹ́yìn. Hàlímọ̀ ro ọkà, ó se ìlasa tí ọkùnrin náà kì í kọ̀, Yẹ̀kínì bù ú lẹ́ẹ̀kan, ó fọwọ́.

Ẹni tó bá jẹun lójú oorun nílẹ̀ wa kì í fi ṣe àwàdà. Hàlímọ̀ ń wò ó bóyá yóò rù. Yẹ̀kínì kò rù. Ara rẹ̀ ń dán. Orúnkún tó ti ń dùn ún láti ọdún pípẹ́ kò dùn ún mọ́, ó sì ń gun òkè lọ sí mọ́ṣáláṣí láìmú ọ̀pá. Irun funfun ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ ń dúdú láti ìdí. Àwọn èèyàn ń bi Hàlímọ̀ pé kí ló ń fún ọkọ rẹ̀ jẹ, ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Ó gba ọ̀dọ̀ Alfa Àkíbù lọ. Alfa gbọ́ ọ tán, ó ń yí tẹ̀súbáà lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹni tí ọ̀tá ń bọ́ lójú oorun máa ń gbẹ ni, Ìyá Mùínàt," ó wí jẹ́jẹ́. "Èyí ń sanra. Àwọn tó ń fún un jẹ fẹ́ràn rẹ̀. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù."

Ó ní kí wọ́n ṣe sàráà, kí Hàlímọ̀ sì jẹ́ kó yó kó tó sùn. Hàlímọ̀ dín àkàrà, ó pín in fún àwọn ọmọ kéwú. Ó bọ́ ọkọ rẹ̀ yó bámú. Yẹ̀kínì sùn, ẹnu rẹ̀ ń jẹ lójú oorun, ó jí, ọwọ́ rẹ̀ pọ́n.

"Dàda ò dàgbà rárá," ó sọ fún un lọ́jọ́ náà. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. "Ó ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi pẹ́. Mo ní ilé jìnnà."

Hàlímọ̀ bu omi sí i lọ́wọ́. Owú ń jẹ ẹ́ nínú, kì í sì ṣe ìgbà àkọ́kọ́, torí kò sí ìgbà kan tí ọkùnrin yìí ti fi irú ojú bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ oúnjẹ tó jẹ nílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Yẹ̀kínì jí, ó ní, "Akínladé bá wa jẹun lónìí."

Akínladé ló ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní òdìkejì títì. Hàlímọ̀ yọjú wò ó. Ọkùnrin náà wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń lẹ táyà.

"Akínladé wo?"

"Èyí náà. Ó ń kọjá lọ, mo ní kó wá jẹun. Ṣé kí n máa jẹ, kí n máa wo èèyàn níran ni?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Akínladé fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Ó ní kí Hàlímọ̀ bá òun wá káún díẹ̀, inú òun ń kún. Ó ní òun tòògbé níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án, àtìgbà yẹn ni òun ti ń gùnfẹ̀, tí ọ̀fun òun ń rùn bí ìsọ̀ ẹlẹ́ja.

"Ẹ sì mọ̀ pé èèwọ̀ ìdílé wa ni àrọ̀, Ìyá Mùínàt," ó wí. "N ò fi kan ẹnu rí."

Hàlímọ̀ bu káún fún un, ó sì kí i pé ó dàárọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n bá Akínladé lórí bẹ́ǹṣì ìwájú ṣọ́ọ̀bù, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Kò sí ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń dán fún òróró.

Yẹ̀kínì bá wọn lọ síbi ìsìnkú, kò sunkún. Nígbà tí opó ń ké, ó tẹ̀ sí etí Hàlímọ̀.

"Bá mi sọ fún un kó má ké bẹ́ẹ̀," ó wí. "Mo rí i lánàá. Ó ń gba àwo kejì."

Hàlímọ̀ fa gèlè bojú kí àwọn èèyàn lè rò pé ẹkún ló ń sun.

Kò pẹ́ sí i ni ti Ṣàngódèyí, tó ń wa mọ́tò láti Èrúwà sí Lánlátẹ̀. Yẹ̀kínì jí lọ́sàn-án, ó ń rojọ́ rẹ̀. Ó ní òun pe Ṣàngódèyí kó wá jẹun, ọkùnrin náà ní á gba ibi ire, kò tilẹ̀ dúró. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ariwo gba ìgboro pé mọ́tò Ṣàngódèyí ti já sínú odò lórí afárá kékeré ọ̀nà Lánlátẹ̀. Àwọn tó sáré lọ ti mú aṣọ dání láti fi gbé òkú. Wọ́n bá ọkùnrin náà létí odò, ó ń gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára ṣòkòtò. Eyín rẹ̀ kan pàápàá kò ká.

Hàlímọ̀ lọ kí i.

"Oorun ló gbé mi níbi ìwakọ̀," Ṣàngódèyí wí. "Mo gbọ́ tí ẹnìkan ní kí n wá jẹun. Ebi sì ń pa mí, Ìyá Mùínàt. Òórùn ọbẹ̀ yẹn fà mí. Ṣùgbọ́n mo rántí pé ẹrù àwọn ọlọ́jà wà lẹ́yìn ọkọ̀, mo ní á gba ibi ire. Ohùn ara mi ló jí mi."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń pa àlọ́. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń sọ láìronú ni, láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ wa: ẹni tó ń jẹun á pe ẹni tó ń kọjá, ẹni tí kò fẹ́ jẹ á ní kó gba ibi ire, kálukú á bá tirẹ̀ lọ. Akínladé ò ní kó gba ibi ire. Akínladé jókòó.

Nígbà tó délé, ó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Mùínàt, mo bẹ̀ yín, ẹ má pe ẹnikẹ́ni mọ́."

"Kí n jókòó ti oúnjẹ, kí ará ilé mi máa kọjá, kí n panu mọ́?" Yẹ̀kínì wò ó tìyanu-tìyanu. "Ta ló tọ́ mi dàgbà?"

"Akínladé kú."

"Ó wà níbẹ̀, Hàlímọ̀."

"Akínladé kú, Bàbá Mùínàt. Ẹ̀yin lẹ pè é."

Yẹ̀kínì wo ìka rẹ̀ tó pọ́n. Nígbà tí Yẹ̀kínì máa gbójú sókè, ojú rẹ̀ ti yí padà, ó dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ibi tí òun ń gbafẹ́ sí, itẹ́ òkú ni.

"Ẹ má lọ síbẹ̀ mọ́," Hàlímọ̀ wí.

"Mi ò lọ," ó wí jẹ́jẹ́. "Mo kàn ń dijú ni."

Hàlímọ̀ bá gbé ogun ti oorun. Bí wọ́n bá ti kírun ọ̀sán tán, á mú ọkọ rẹ̀ lọ sí oko, á máa bá a sọ̀rọ̀, á máa bó obì fún un. Ó ń rojọ́ àwọn àna, ó ń rojọ́ ọ̀nà tí ìjọba kò ṣe, ó ń kọrin tí kò kọ láti ìgbà ọmọge. Yẹ̀kínì náà gbìyànjú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí Hàlímọ̀ wẹ̀yìn láàárín ẹ̀gẹ́, ó rí i tó dúró gbagidi, ọkọ́ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ dé, ẹnu rẹ̀ sì ń jẹ. Ó dúró wò ó. Oòrùn bá ojú ọkùnrin náà, ojú náà kò ní ìhunjọ kan. Ọmọkùnrin tó ti Bọ́mà dé tòun ti bàtà ńlá ẹsẹ̀ rẹ̀, tó wá dúró níwájú ilé bàbá Hàlímọ̀ tó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, tó wá já sí pé ọ̀nà Ràngúùn ló júwe fún un, òun gan-an ló dúró láàárín ẹ̀gẹ́ yẹn. Ó ti pẹ́ tí Hàlímọ̀ ti ń sàárò ọmọkùnrin yẹn, òun fúnra rẹ̀ ò sì mọ̀. Kò jí i. Ó jókòó sórí ebè, ó ń wò ó títí ó fi lajú.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún wọn. Mùínàt ni, ó wà nílé ọkọ ní Ayétẹ̀, oyún rẹ̀ sì ti hàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan báyìí, Yẹ̀kínì jí pẹ̀lú omi lójú.

"Mùínàt kọjá lónìí," ó wí.

Igbá bọ́ lọ́wọ́ Hàlímọ̀.

"Ẹ pè é?"

Yẹ̀kínì yọ ahọ́n síta. Ẹ̀jẹ̀ wà lójú ibi tó ti gé e jẹ.

"Ọmọ mi ń kọjá, mo ń jẹun, mo sì gbé ojú sílẹ̀ bí olè," ó wí. "Àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí láyé mi. Oúnjẹ náà há mi lọ́fun, Hàlímọ̀. Kò lọ, kò bọ̀."

Hàlímọ̀ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn tó dúpẹ́ tán, nǹkan mìíràn ṣì kù sí i láyà.

"Èmi ńkọ́?" ó bi í. "Ẹ ò rí mi rí níbẹ̀?"

"Ìwọ? Rárá. O ò gba ibẹ̀ kọjá rí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju bó ṣe yẹ lọ.

"Bí mo bá wá kọjá," ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ẹ ó pè mí?"

"Kí ló mú irú ọ̀rọ̀ báyìí wá?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín ni mo ti ń se é. N ò mọ bó ṣe dùn. Gbogbo ẹni tó bá kọjá lẹ ń pè, títí kan ẹni tó ń lẹ táyà. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní pẹ́ máa jókòó síbẹ̀ pátápátá, ara yín ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá rí mi, ẹ pè mí. N ò ní sọ pé kó gba ibi ire. Màá jókòó."

Yẹ̀kínì mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ náà sáàárín tirẹ̀ méjèèjì tó ń rùn fún ọsàn wẹ́wẹ́.

"Mo ti gbọ́," ó wí.

Hàlímọ̀ mọ ọkọ rẹ̀ tó láti mọ̀ pé kò ṣèlérí. Ṣùgbọ́n ẹni tí nǹkan ń wù kì í yiiri ọ̀rọ̀ wò.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Yẹ̀kínì ti mọ́ṣáláṣí dé, ó dùbúlẹ̀ lábẹ́ máńgòrò. Hàlímọ̀ wẹ̀, ó ró ìró tó máa ń fi ṣọdún, ó lé tìróò, ó wá na ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ lórí ẹní. Kò sun oorun ọ̀sán rí láyé rẹ̀, torí ìgbà yẹn ló máa ń gbé ìkòkò kaná. Ó gbọ́ tí èémí ọkọ rẹ̀ ń lọ sókè, tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí júwe ọ̀nà náà fún ara rẹ̀ nínú: láti èbúté, kọjú sí ilé ìsìn.

Pákó ló kọ́kọ́ bá lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, pákó èbúté, ó tutù fún omi. Ìlú ńlá wà níwájú rẹ̀. Èrò pọ̀, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, ẹnu wọn ń mì, kò sì gbọ́ ohùn ẹnì kan. Ó rí òrùlé tó ń dán. Ó jẹ́ kó wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó kan àwọn agbòòrùn pupa, ó wọ ọ̀nà tóóró ẹ̀yìn wọn, kò bi ẹnikẹ́ni. Òórùn náà jáde wá pàdé rẹ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló mọ ohun tó ti ń kù nínú ìkòkò rẹ̀ láti ọdún yìí wá, kò sì lè dárúkọ rẹ̀.

Wọ́n wà níbẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́fun jókòó lẹ́yìn ìkòkò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ funfun, ooru ọbẹ̀ bo ojú rẹ̀ tí Hàlímọ̀ kò fi rí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà pẹ̀lú ẹ̀wù sójà, Dàda nìyẹn. Akínladé wà níbẹ̀, ètè rẹ̀ ń dán. Àwọn ará Èrúwà mìíràn tún wà tí Hàlímọ̀ bá wọn sin, tí Yẹ̀kínì kò dárúkọ wọn fún un rí. Láàárín wọn ni ọkọ rẹ̀ jókòó sí, ó kéré bí ọjọ́ tó ti Bọ́mà dé, ó ń yọ egungun ẹja lẹ́nu.

Yẹ̀kínì gbójú sókè, ó rí i.

Ó rí i. Èyí dá Hàlímọ̀ lójú títí dòní. Ọwọ́ ọkùnrin náà dúró lójú afẹ́fẹ́. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ìgbà tó rí i níwájú ilé bàbá rẹ̀, ó sì la ẹnu. Hàlímọ̀ ti ṣẹ́ ìró rẹ̀ mọ́ ìtan láti jókòó. Yẹ̀kínì pa ẹnu dé. Ó dorí kodò sórí àwo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Dàda fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Akínladé sún, ó fi àyè sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè pe ìyàwó oníyàwó jẹun nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ tí kò pè é. Ìyá Ẹlẹ́fun gbé ìgbakọ sókè, ó ń nà án bọ̀ wá sí àpótí tó ṣófo. Yẹ̀kínì na ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó gbé e gẹ̀rẹ̀jẹ̀ lé àpótí náà, ó sì kọ ẹ̀yìn sí ìyàwó rẹ̀.

Ọmọ tí wọ́n kọ́ kì í jókòó ti oúnjẹ tí wọn ò pè é sí. Hàlímọ̀ dúró.

"Bàbá Mùínàt," ó wí, "èmi ni."

Èjìká ọkùnrin náà ń mì. Kò yíjú. Hàlímọ̀ dúró síbẹ̀ títí oòrùn ibẹ̀ fi ń mú, títí obìnrin náà fi da omi sínú ìkòkò tó ti gbẹ.

Ìpè ìrun alásàrí ló jí i. Ewé máńgòrò kan bọ́ sórí àyà Yẹ̀kínì, kò sì mì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nà jáde kúrò lórí ẹní. Àwọn tó wẹ̀ ẹ́ sọ pé àwọn ṣe é títí, ẹsẹ̀ náà kò tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sin ín.

Mùínàt bí ọmọ rẹ̀ láyọ̀, ọmọ náà ti tó rán níṣẹ́ kí Hàlímọ̀ tó sọ ìtàn yìí fún ẹnikẹ́ni. Mùínàt ló sọ ọ́ fún, nígbà tó wá láti Ayétẹ̀ tó rí i pé ìyá rẹ̀ kì í jẹ ju òkèlè kan lọ, pé ó sì ń lọ dùbúlẹ̀ lábẹ́ máńgòrò lójoojúmọ́ tó bá ti kírun ọ̀sán tán. Hàlímọ̀ sọ gbogbo rẹ̀, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ní ojoojúmọ́ ni òun ń débẹ̀. Ó ní Bàbá Mùínàt ṣì wà lórí ìjókòó kan náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí àpótí, kò sì tíì yíjú lẹ́ẹ̀kan.

Mùínàt sunkún títí.

"Ìfẹ́ ni, Ìyá," ó wí. "Ìfẹ́ yín ni Bàbá fi ṣe é."

"Mo mọ̀," Hàlímọ̀ wí.

"Kí lẹ wá ń lọ ṣe níbẹ̀ lójoojúmọ́?"

Hàlímọ̀ gbọn ẹní rẹ̀, ó tẹ́ ẹ, ó rọra jókòó sórí rẹ̀. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yẹ àtàrí.

"Mò ń retí ọjọ́ tí yóò gbàgbé pé òun fẹ́ràn mi," ó wí, "kó sì pè mí jẹun."